Àwọn Tó Yí Tọkọtaya Ká

Ọ̀rọ̀ ẹbí, ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ló kàn wá lónìí. Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ọdún 1884.

Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba ilẹ̀ Faransé dá òfin ìkọ̀sílẹ̀ padà. Láti 1816 ni wọ́n ti pa á rẹ́, nítorí náà, fún ọdún méjìdínláàádọ́rin (68), kò sí tọkọtaya kan níbẹ̀ tó lè tú ká níwájú òfin, bó ti wù kí ilé wọn gbóná tó. Ní ọdún kan náà, Friedrich Engels, ọ̀rẹ́ Karl Marx, tẹ ìwé kan jáde ní Zurich, ó ní ẹbí kò rí bákan náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé bí ohun ìní ṣe ń kúrò lọ́wọ́ gbogbo ìdílé bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ni ẹbí náà ń pàwọ̀ dà. Ọdún yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó tó kan ìlú Èkó. Ọkùnrin tó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn lé e. Bó bá sì kú láìkọ ìwé ìhágún, ìyàwó àti ọmọ ni kóòtù yóò kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àbúrò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo kó nǹkan mẹ́ta yìí jọ sójú kan nítorí ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ ní ibi ìgbéyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti nínú ọkọ̀ èrò: pé láyé àtijọ́, ìgbéyàwó dúró digbí, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pàápàá obìnrin tó kàwé, ni kò ní sùúrù mọ́. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ pé nǹkan ti yí padà. Ibi tó ń wò ni kò tọ̀nà. Ọkàn èèyàn ló ń wò. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní kí a wo ilé tí tọkọtaya ń gbé, ohun tí wọ́n fi ń jẹun, ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn wọn láìránṣẹ́ ṣáájú, àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ wọn.

Émile Durkheim, ọmọ Faransé tó wà lára àwọn tó fi ìdí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá múlẹ̀, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Bordeaux ní 1892 pé ńṣe ni ẹbí ń kéré sí i. Ìdílé ńlá tó jọ ní ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó wá ń ṣẹ́kù sórí ọkọ, aya, àti ọmọ tí kò tíì tó kúrò nílé. Ní àwọn ọdún 1950, Talcott Parsons ní Amẹ́ríkà sọ pé irú ẹbí kékeré bẹ́ẹ̀ ló bá ayé ilé-iṣẹ́ ńlá mu, nítorí ó lè kó ẹrù tẹ̀ lé iṣẹ́ lọ síbikíbi. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Parsons. Àmọ́ bó ṣe là á sílẹ̀ ni pé ọkọ ni yóò máa jáde lọ wá owó, tí ìyàwó yóò máa tọ́jú ilé. Ìyá Yorùbá wo ló jókòó sílé rí? Ìyá aláṣọ, ìyá elélùbọ́, ìyá aláró, ìyá oníkókó tó ń ra kókó lọ́wọ́ àgbẹ̀, gbogbo wọn ló ní òwò tiwọn. Ọkọ a máa fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, èrè rẹ̀ sì di ti ìyàwó. Àpò wọn kì í papọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìgbéyàwó Yorùbá gbọ́dọ̀ fi àpò méjì yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà òde òní ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan ti kọ èyí sílẹ̀ kó tó di àsìkò Parsons. N. A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àwùjọ Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ó ṣeni láàánú pé iṣẹ́ náà kò di ìwé lójú ayé rẹ̀. Ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú agbo ilé àtijọ́ tó ṣàpèjúwe, ìgbéyàwó kì í ṣe ti ẹni méjì. Alárinà ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdílé méjì ló ń wádìí ara wọn, ẹbí ló ń kó ìdána lọ, ẹbí ló ń gbà á. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lóru, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tọkọtaya àti ìyálé tàbí ìyá ọkọ, ilẹ̀ kì í sì í mọ́ kí baálé ilé tó gbọ́.

Síbẹ̀, wọ́n ń kọ ara wọn. Obìnrin ń dálémoṣú kí òyìnbó tó dé. Ó lè padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, wọn a fún un ní yàrá, a sì máa bá òwò rẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin mìíràn bá wá fẹ́ ẹ, owó ìdána ọkọ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà, ọkọ tuntun ló sì sábà máa ń san án. Nígbà tí àwọn amúnisìn dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, obìnrin rọ́ lọ síbẹ̀. Onímọ̀ ìtàn Judith Byfield ti kọ̀wé lórí Abẹ́òkúta láàárín 1892 sí 1904, ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń kọ ọkọ ṣe di ohun tó ń kó ìdààmú bá àwọn aláṣẹ. Ẹ rántí pé ọ̀nà ojú irin ń wọ ìlú nígbà náà, òwò ń gbòòrò, ìlú Èkó sì ń pe èèyàn. Ìyá ìyá àwọn kan nínú wa, tí a ń fi sùúrù wọn ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ wa, lè wà lára àwọn tó dúró níwájú adájọ́ yẹn.

Ilẹ̀ Japan tún fi ọ̀rọ̀ náà yé wa dáadáa. A máa ń rò pé bí ìlú bá ṣe ń lajú sí i ni ìkọ̀sílẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní Japan, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1880 sí 1890, wọ́n wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ń wọ ilé àwọn òbí ọkọ, àwọn òbí náà ń wò ó bóyá ó mọ iṣẹ́ ṣe, bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, tí òfin sì ń yí padà, ìkọ̀sílẹ̀ ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bákan náà ló rí láàárín àwọn Mùsùlùmí Màlé ní Malaysia. Ìkọ̀sílẹ̀ wọn ga gan-an ní nǹkan bí 1950, ó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n sì ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ́kọ. William Goode, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé ńlá lórí ẹbí káàkiri ayé jáde ní 1963, tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ìlajú nìkan ni a gbọ́dọ̀ béèrè. A gbọ́dọ̀ béèrè irú ẹbí tó ti wà tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ní agbára láti so tọkọtaya pọ̀ tàbí láti tú wọn ká.

Èkó ni ìtàn tó là mí lójú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board. Ọdún 1928 ni ìjọba dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní erékùṣù Èkó. Láti 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé lórí ilẹ̀ tó tó bí éékà àádọ́rin (70) ní àárín gbùngbùn Èkó. Òmìnira ń sún mọ́lé. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí àlejò wá bá ilé tó há mọ́ra wọn àti gọ́tà tó dí. Wọ́n kọ́ ilé tuntun lẹ́sẹẹsẹ sí Sùúrùlérè, wọ́n sì ní kí àwọn tí wọ́n wó ilé wọn kó lọ síbẹ̀. Lójú ẹni tó ń wo ilé nìkan, oore ni. Yàrá fẹ̀ díẹ̀, omi wà, afẹ́fẹ́ ń wọlé.

Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣì wà ní Èkó àti àwọn tó ti kó lọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó ń wá kì í ṣe bóyá òrùlé ń jò. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí ìyá wọn sí, ta ló ń ran ta lọ́wọ́, ibo ni ìyàwó ti ń tajà.

Ní àárín Èkó, ẹni tó bá jí láàárọ̀ lè kí ìyá rẹ̀, kó yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kó tó dé ibi iṣẹ́. Ìdílé ń ṣe ìpàdé ẹbí, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ní aáwọ̀. Ìyàwó ń gbé àtẹ sójúde, oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́ ń kọjá lọ sọ́jà. Ní Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ kó sáàárín gbogbo rẹ̀. Ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ ẹbí dínkù. Ẹni tó ti ń fún ìyá rẹ̀ lówó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí i fún mọ́. Obìnrin tó gbé àtẹ síwájú ilé tuntun rí i pé kò sẹ́ni tó ń kọjá, nítorí àwọn tó yí i ká kò lówó lọ́wọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti fọ́n káàkiri ìlú.

Níbi tí òwò ìyàwó bá ti kú, àpò méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan di ẹyọ kan. Owó ọbẹ̀, owó aṣọ ọmọ, owó tí ìyàwó fẹ́ fi ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ lóore, gbogbo rẹ̀ wá di ohun tí yóò máa tọrọ lọ́wọ́ ọkọ. Ọkọ náà sì ń san owó ilé tuntun, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyàwó ń wo ọkọ bí ahun, ọkọ ń wo ìyàwó bí onínàákúnàá. Marris rí i pé àwọn ọkọ kan dá ìyàwó padà sọ́dọ̀ ẹbí nítorí apá wọn kò ká bíbọ́ wọn mọ́, àwọn ìyàwó kan sì kúrò níbi tí òwò kò ti sí. Bẹ́ẹ̀, ẹbí tó yẹ kó pè wọ́n jókòó ti wà lókèèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ronú sí i. Kò sí ẹni tó wàásù fún wọn ní Sùúrùlérè pé kí wọ́n kọ ara wọn. Wọn kò kẹ́kọ̀ọ́ sí i, ìwà wọn kò bàjẹ́ láàárín oṣù tí wọ́n kó ẹrù. Àwọn èèyàn kan náà ni, ọkọ kan náà, ìyàwó kan náà. Àjọ ìjọba kan ló ṣí ilé wọn nípò. Kì í sì í ṣe ìran Yorùbá nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Michael Young àti Peter Willmott, tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwádìí kan náà pẹ̀lú Marris, ti kọ ohun tó jọ ọ́ ní 1957 nípa àwọn ará Bethnal Green ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ́kọ ń rí ara wọn lójoojúmọ́, títí tí wọ́n fi kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé tuntun ní Essex. Ilé dára, ìyá jìnnà, tọkọtaya wá ku àwọn nìkan.

Mo ń rò ó pé Sùúrùlérè ti wá di ti gbogbo wa báyìí. Tọkọtaya ọ̀dọ́ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ìbafò. Ìyá ọkọ wà ní Iléṣà, ìyá ìyàwó wà ní Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n wà ní Kánádà. Ìpàdé ẹbí ti di orí WhatsApp. Wọ́n ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí níbẹ̀, wọ́n ń dáwó òkú níbẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ wú nítorí ẹkún kì í fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ìyàwó bá bímọ, ìyá rẹ̀ a wá wẹ ọmọ fún ìwọ̀nba àkókò, a sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ìyàwó yóò padà síbi iṣẹ́, yóò dé lálẹ́, yóò sì bá iṣẹ́ ilé tó ń dúró dè é. Arlie Hochschild ṣe ìwádìí irú èyí ní Amẹ́ríkà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989. Ó bá obìnrin tó ti fi gbogbo ọ̀sán ṣiṣẹ́ owó, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì nílé, tí ọkọ rẹ̀ sì ń wò ó. Nínú agbo ilé, ọwọ́ obìnrin bíi mélòó kan ló ń pín iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọwọ́ yẹn ti lọ, àmọ́ a kò tíì gbà kí ọkọ fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò wọn. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí nínú gbogbo ohun tí mo ń kà kalẹ̀ lálẹ́ yìí, òun nìkan ni kò nílò owó ìjọba. Ọkùnrin lè gé ẹ̀fọ́. Ọkùnrin lè fọ aṣọ ọmọ.

Àwọn tó lọ sókè òkun ńkọ́? Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé láti oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera náà kò lè mú ẹbí wá. Ẹni tó ti ta ilẹ̀ láti fi rán ìyàwó lọ ṣáájú, pé òun àti ọmọ yóò tẹ̀ lé e, wá di ẹni tó ń fi fóònù gbéyàwó. Bí wọ́n bá tú ká lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a óò ní obìnrin náà ti rí òyìnbó, tàbí ọkọ kò lè mú ara dúró. Ta ni yóò rántí òfin oṣù kẹta?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi bí ẹni tó ń sunkún agbo ilé. Ẹbí tó ń pe tọkọtaya jókòó ti gba ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó là. Ẹbí náà ló sì ti sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n lù pé kó lọ fara dà á nítorí ọmọ. Àwọn kan fara dà á títí wọ́n fi kú. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìlú tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti lè jáde sàn ju ìlú tí kò ti rí ọ̀nà gbà jáde. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé láti 2007, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ipá sí èèyàn sì jáde ní 2015. Bí wọ́n bá ń lù yín nílé, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ jáde ná.

Òfin ìkọ̀sílẹ̀ wa náà tọ́ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí àṣìrò pọ̀ lórí rẹ̀. Ìgbéyàwó tí ẹ bá ṣe ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ, wà lábẹ́ òfin tí ìjọba ológun Gowon gbé jáde ní oṣù kẹta 1970. Ọdún yẹn gan-an ni ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tó gba tọkọtaya láyè láti tú ká láìfi ẹ̀bi kan ẹnikẹ́ni. Tiwa kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ló wà: kí ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ tì í lẹ́yìn, irú bí àgbèrè, ìwà tí kò ṣeé bá gbé, tàbí kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì takò ó. Bí ọdún mẹ́ta bá ti pé tí wọ́n ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àtakò ẹnì kejì kò dí i lọ́wọ́ mọ́. Kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, ẹ kò lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé kóòtù fún yín láyè ní pàtàkì. Òfin náà tún ní kí adájọ́ wò ó bóyá àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, ó sì lè sún ẹjọ́ síwájú nítorí rẹ̀. Ìgbéyàwó ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń tú u. Ẹni tó ṣe méjèèjì, tó wá gba ìwé ìtúká ní kóòtù ìbílẹ̀ nìkan, tó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísírì, ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà, nítorí ìgbéyàwó ti rẹ́jísírì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bí ẹ bá jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ ní àárọ̀ kan, ẹ óò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu olùpẹjọ́ kì í sábà jẹ́ ti ìfẹ́ lásán. Kò fún mi lówó oúnjẹ. Ó gba ilé síbòmíràn. Ìyá rẹ̀ kò gbà mí. N kò mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ ṣe. Owó, ilé, ẹbí: àwọn ohun tí Marris béèrè ní Sùúrùlérè náà nìyẹn. Bí ẹ bá lọ́mọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún yìí, kí ẹ tó ṣírò iye akèrègbè ẹmu àti iye aṣọ ẹbí, ẹ bá wọn jókòó lórí ibi tí wọn yóò gbé, bí òwò tàbí iṣẹ́ ìyàwó yóò ṣe máa lọ níbẹ̀, ẹni tí yóò bá wọn mójú tó ọmọ, àti àgbà kan tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ogún la máa gbé yẹ̀ wò: bí a ṣe ń pín in ní ìdí-igi, ìyẹn bí iye ìyàwó bá ṣe tó, àti ní orí-ò-jorí, ìyẹn bí iye ọmọ bá ṣe tó, àti ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó ti Èkó dé ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ kó tó di ìgbà náà.